Ẹja Tí N Kò Ní Tà

Nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ lọ dẹ ìwọ̀ lórí omi ńlá tí wọ́n sé ní Ìkẹ́rẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí ni pé ta ni mo fẹ́ lọ bá níbẹ̀. Wọn kò bi mí bóyá mo mọ ìwọ̀ dẹ. Wọn kò bi mí bóyá mo lè lúwẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ n kò mọ̀ ọ́n rárá. Ta ni mo fẹ́ lọ bá? Lójú tiwọn, ọkùnrin nìkan ló lè gbé ọmọbìnrin dé ojú omi, àfi tó bá jẹ́ pé ẹja ló fẹ́ lọ rà wá tà.

Mo ní ẹja ni mo fẹ́ lọ bá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gbogbo òfì fi dákẹ́.

Aláṣọ òfì ni mí ní Ìsẹ́yìn. Abẹ́ àtíbàbà ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ti ń hun aṣọ láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì girama. Ìyá tó bí mi ń gbé ní Òtu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló tọ́ mi dàgbà, gbogbo àwa tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ń pè é ní Ìyá wa. Èèyàn dáadáa ni. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń ju ọ̀kọ̀ láàárín òwú láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí ọwọ́ òsì láìwo ọwọ́. Òun náà ló máa ń sọ pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí òfì, aṣọ rẹ̀ kì í dọ́gba. Èyí kò ṣòro fún mi láti kọ́. Ojú máa ń tì mí. Bí oníbàárà bá wọlé, màá tẹrí mọ́ aṣọ bí ẹni tí òwú já mọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń pín nǹkan tí wọ́n sì fò mí, n kì í sọ. Ohun tí èyí wá dà lójú àwọn èèyàn ni pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, kò ní ohun tó ń fẹ́.

Mo ní ohun tí mo ń fẹ́.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Ìyá wa rán mi lọ sí Ìkẹ́rẹ́ láti ra ẹja fún ìsọmọlórúkọ kan nínú ẹbí. Etí omi ni mo dúró sí, bàbá apẹja tó máa ń tà fún un ń ṣa ẹja sínú agbọ̀n mi. Mo gbójú sókè. Omi náà lọ títí, ó wọ àárín àwọn òkè, ó tún jáde ní ìhà kejì, n kò rí òpin rẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òwú tó nà síwájú òfì mi ni ohun tó jìn jù tí ojú mi máa ń rí. Lórí omi yẹn, obìnrin kan wà nínú ọkọ̀. Àlejò ni; fìlà gbòòrò tó dé ni mo fi mọ̀. Ó mú ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, kò ṣe nǹkan mìíràn. Kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí igbá lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pè é.

Bàbá apẹja rí i pé mo ń wò ó. Ó ní, "Wọ́n máa ń wá bẹ́ẹ̀ látìgbàdégbà. Wọ́n á jókòó sínú oòrùn, wọ́n á pa ẹja bíi méjì, inú wọn á wá máa dùn bí ẹni tó jẹ oyè."

Mo gbé ẹja relé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé mo fẹ́ jókòó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan péré. Kì í ṣe kí ẹnikẹ́ni gbé mi lọ. Kí n lọ fúnra mi.

Nọ́ńbà bàbá náà wà lórí fóònù mi nítorí ẹja tí mo rà. Kí n tó pè é, mo tún ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sọ nínú ikùn mi bí mo ṣe ń hun aṣọ, títí ó fi bá ìró ẹsẹ̀ mi lórí ìtẹsẹ̀ òfì mu. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo tẹ̀ ẹ́ láago.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Èmi ọmọ aláṣọ òfì tó wá ra ẹja lọ́wọ́ yín láti Ìsẹ́yìn ni."

"Hẹn-ẹn! Èwo lo fẹ́? Àrọ̀ ò pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí o, àfi ẹ̀pìà."

"Mi ò fẹ́ ra ẹja, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ gbé mi sínú ọkọ̀ yín, kí n lè dẹ ìwọ̀."

"Kí o lè tà á?"

"Rárá o."

"Àbí ẹ fẹ́ ṣe ìnáwó?"

"Rárá, Bàbá. Kí n kàn dẹ ẹ́ ni."

Mo ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ara rẹ yá báyìí?"

Mo ní ara mi yá. Ó ní tí ara mi bá yá lóòótọ́, kí n má wá nígbà ọyẹ́, nítorí pé atẹ́gùn máa ń ru omi náà sókè láti àárọ̀. Kí n má sì jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ bá mi níbẹ̀, nítorí pé ìjì rẹ̀ kì í kí èèyàn kó tó wọlé. Àárín méjèèjì ni kí n wá, nígbà tí kaṣú bá ń pọ́n. Ó ní òun máa tu ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí n mú ìwọ̀ tèmi dání, nítorí òun kì í yá ẹnikẹ́ni ní ìwọ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun èlò jọ nìyẹn. Ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta àwọ̀n àti ìwọ̀, ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ bi mí pé, "Bàbá ẹ ló rán ẹ, àbí ọkọ ẹ?"

Ohùn mi kéré, ṣùgbọ́n ó jáde. Mo ní, "Èmi ni mo rán ara mi."

Ó wò mí díẹ̀. Ó dá ìwọ̀ tó ti kọ́kọ́ mú padà sínú páálí, ó mú èyí tó mú ṣáṣá fún mi, pẹ̀lú okùn rẹ̀.

Mo gé ọparun kan létí odò, mo gbé e sínú òjìji kó lè gbẹ láìsán. Mo gé ìtẹ̀lẹ̀ sílípáàsì ògbólógbòó fún ohun tí yóò máa léfòó lórí omi, mo tọrọ nọ́ọ̀tì kékeré lọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ohun tí yóò fa ìwọ̀ sí ìsàlẹ̀. Akẹtẹ̀ tí a fi ń lọ sóko wà nílé. Nítorí pé n kò lè lúwẹ̀ẹ́, mo wá kẹ́ẹ̀gì òróró méjì tó ti ṣófo, mo dé ẹnu wọn pinpin, mo fi ọ̀já aṣọ òfì kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò bára mu so wọ́n pọ̀ kí n lè gbé wọn kọ́ abẹ́ apá méjèèjì. Kò sí okùn ọjà tó lágbára tó ọ̀já tí a fi ọwọ́ ara wa hun. Mo dì wọ́n mọ́ra, mo rìn yí ká ẹ̀yìn ilé. Alábàáṣiṣẹ́ mi, tí òfì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, yọjú sí mi níbẹ̀.

"Yéè! Kí lèyí? Ṣé o ti hu ìyẹ́ ni?"

"Kí n má baà rì ni."

"Ìyá Ẹlẹ́ja! Ẹ kú ìmúra o! Mo gbọ́ pé gbogbo ẹja Ìkẹ́rẹ́ ti gbọ́ pé ẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n ti ń kó ẹrù wọn, wọ́n ń wọ mọ́tò lọ Ṣakí."

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ẹlẹ́ja ni orúkọ mi lábẹ́ àtíbàbà. Bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, màá jẹ́ ẹ. Ìgbà tí wọ́n rí i pé mò ń jẹ́ ẹ, adùn rẹ̀ dín kù.

Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó pè mí wọlé, ó ní kí n jókòó.

"Ìwọ tí o kò lè kí oníbàárà, ìwọ lo fẹ́ lọ kí ẹja?"

Mo ń ṣa òwú kúrò lára ìró mi.

"Gbọ́. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ lọ ra ẹja wá tà, ìdí wà níbẹ̀. Màá yá ẹ ní agbọ̀n, màá tún ṣàdúrà fún ẹ. Ṣùgbọ́n kí èèyàn fi odidi ọjọ́ iṣẹ́ jókòó sórí omi, kó máa wo okùn? Ta ló máa gbọ́ ọ tí kò ní sọ pé mi ò tọ́ ẹ?"

"Ẹ tọ́ mi, Ìyá wa."

"Nígbà náà, gbé agbọ̀n dání. Kódà kó jẹ́ agbọ̀n kékeré."

"Mi ò ní gbé agbọ̀n, Ìyá wa. Mi ò ní ra ẹja. Èyí tí mo bá pa náà, mi ò ní tà á."

Ó wò mí bí ẹni tí àwòrán ara ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóhùn.

Nígbà tí mo jáde, alábàáṣiṣẹ́ mi sún mọ́ mi. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. "Òmùgọ̀ ni ẹ́. Agbọ̀n lásán! Gbé agbọ̀n náà, tó o bá dé ọ̀hún kí o jókòó lé e lórí. Kí o ní ẹja ti tán lọ́jọ́ náà, ó parí. Ta ló máa wádìí?"

Òótọ́ ló sọ. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Obìnrin tó bá fẹ́ lọ rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìwéré-Ilé á ní òun ń lọ wo gbàgúdá. Èyí tó bá fẹ́ lọ gba atẹ́gùn ní Ṣakí á ní òwú ibẹ̀ dára jù. Ìgbádùn kì í jáde nílé láìru ẹrù, bí kò bá ru ẹrù wọ́n á ní ìṣekúṣe ni. Èmi náà ti ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí, lọ́pọ̀ ìgbà. Ó rọrùn. Àmọ́ bí mo bá gbé agbọ̀n lọ sí Ìkẹ́rẹ́, agbọ̀n náà ni yóò lọ, èmi kọ́. Mo ní n kò gbé e.

Ohun tí Ìyá wa wá sọ nígbẹ̀yìn ni pé aṣọ ìyàwó kan wà lórí òfì mi, àti pé n kò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ lọ síbì kankan. Nínú iṣẹ́ wa, ọwọ́ méjì kì í hun aṣọ kan. Bó ti wù kí ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n hun tó, bó bá jókòó sídìí òfì rẹ, ọwọ́ rẹ̀ á le jù tàbí kó rọ̀ jù, ibi tó ti gbà á á sì hàn bí àpá. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní n ó parí aṣọ náà, n ó lọ ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Tí o bá parí ẹ̀." Ó dá a lójú pé bí ọjọ́ bá gùn díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á tutù lára mi.

Kò tutù. Mò ń hun aṣọ, mò ń múra lọ. Ó wá ku kí n so ìwọ̀ mọ́ okùn.

Èyí kò dẹ́rù bà mí rárá. Ṣé aláṣọ òfì kọ́ ni mí? Kókó ni iṣẹ́ wa. Bí òwú bá já, a kì í ronú. Ọwọ́ á ti ká a, á ti fà á, eyín á ti gé ìdí rẹ̀ kúrú kó má baà hàn lójú aṣọ. Kókó kékeré bẹ́ẹ̀ kì í tú títí aṣọ náà á fi gbó. Òun náà ni mo so mọ́ ìwọ̀. Mo fi eyín gé ìdí rẹ̀ kúrú, bí wọ́n ti kọ́ mi.

Mo wá ń wá ohun tí n ó fi dán an wò. Òfì wa kọ̀ọ̀kan ló ní òkúta tirẹ̀. Òwú gígùn tí a óò hun máa ń nà lọ síwájú wa lórí ilẹ̀. A ó so ìparí rẹ̀ mọ́ pátákó, a ó gbé òkúta lé pátákó náà kó lè fa òwú le. Bí a bá ti ń hun, òkúta á máa fà bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò. Mo fi àkísà wé e, mo fi ìwọ̀ kọ́ àkísà náà, mo so òkè okùn mọ́ igi àtíbàbà. Igi tó lágbára jù, òun ló wà lókè òwú aṣọ ìyàwó tí mo nà sílẹ̀. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ti so kókó láti kékeré, kí ló máa rò?

Òkúta náà rọ̀, ó ń yí díẹ̀díẹ̀. Mo pe alábàáṣiṣẹ́ mi kó wá wò ó.

Ó ní, "Ẹja tó bá wúwo tó èyí, òun ló máa gbé ẹ lọ."

Kó tó pa ẹnu dé, kókó yọ̀. Okùn kò já o. Kókó ló yọ̀, bí ẹni pé n kò so ó rí. Òkúta já bọ́ sórí òwú, ó sì fà á já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé àárín.

Ìyá wa jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ó wo òwú. Ó wo òkúta. Ó wo ìwọ̀ tó rọ̀ mọ́ àkísà. Kò pariwo, ìyẹn ló sì burú jù.

"Ó parí," ó ní. "Ìrìn àjò Ìkẹ́rẹ́ parí síbí. Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ló dá a dúró."

"Ẹ ní kí n lọ tí aṣọ yìí bá kúrò lórí òfì."

"Ṣé èyí ló máa kúrò lórí òfì kí Ọjọ́rú tó dé? Èyí?"

"Ó máa kúrò."

N kò tíì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì léra wọn rí láti ìgbà tí mo ti dé ilé rẹ̀. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá orí òwú àti ìdí òwú, mo ń so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alábàáṣiṣẹ́ mi dúró, ó ń wò mí, ó sì wá jókòó síwájú mi. Kò ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Sún, ìwọ apa-òwú." Híhun ni kò gba ọwọ́ méjì, kókó kò bìkítà. A jọ ń so ó, ó ń bú mi, ó ń bú ẹja, ó ń bú obìnrin onífìlà tó jókòó sínú ọkọ̀ tí mo lọ rí. Nígbà tí a parí, ó ní, "Tí o kò bá wá lọ mọ́ lẹ́yìn gbogbo eléyìí, èmi fúnra mi ni màá jù ẹ́ sómi."

Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe mi ti yé mi. Òwú ní irun lára. Bí a bá so ó, irun rẹ̀ á di ara rẹ̀ mú. Okùn ìwọ̀ kò ní irun, ọ̀rá ni, ó ń dán, kò sì di nǹkan kan mú. Mo wé okùn náà mọ́ ara rẹ̀ léraléra, bí a ṣe ń ká òwú mọ́ kẹ̀kẹ́, mo ti orí rẹ̀ bọ ihò tó wà nísàlẹ̀, mo fi itọ́ rin ín, mo fà á. Mi ò gé ìdí rẹ̀ kúrú mọ́, kó hàn bó bá fẹ́ hàn. Garawa iyanrìn ni mo fi dán an wò, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tó jìnnà sí òwú ẹnikẹ́ni. Kò yọ̀.

Mo hun aṣọ náà parí. Ìyá wa gbé e sórí itan, ó fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ó ń wá kókó. Ó yí i padà, ó tún tọ ọ́. Mo ti mọ ibi tí wọ́n wà, ìka rẹ̀ kọjá lórí wọn, kò dúró. Ó ká aṣọ náà. Lẹ́yìn náà, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó gbé ìdì òwú tuntun lé mi lọ́wọ́.

"Ẹni tó ni èyí ń kánjú."

"Màá nà án lórí òfì lónìí. Yóò bá mi níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀."

"Bí o bá lọ, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo mọ̀ sí i."

"Ẹ mọ̀ sí i, Ìyá wa. Mo ti sọ fún yín."

Ọjọ́rú dé. Mo di gàrí, ẹ̀pà àti wàrà díndín sínú ọ̀rá, mo wú ekòló ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú agolo. Ọlọ́kadà tí mo dá dúró wo ọparun, ó wo akẹtẹ̀, ó wo kẹ́ẹ̀gì méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi ti tán ní Ìsẹ́yìn ni?"

Mo ní kó máa gbé mi lọ. Ọ̀nà kún fún eruku, òórùn kaṣú tó pọ́n gba gbogbo ojú ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣa á dúró wò wá. Bí a bá ti dé ibi tí èèyàn wà, ojú á tì mí, màá sì fẹ́ fi ọparun náà pa mọ́ sẹ́yìn, àmọ́ kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ọparun pa mọ́ lórí ọkadà. Mo bá nà án sókè.

Bàbá apẹja wà létí omi, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi.

"Ìyá rẹ pè mí lánàá," ó ní. "Ó ní kí n má gbé ọ. Oníbàárà mi ni, láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ọkọ̀ ń jò."

"Ṣé ó ń jò, Bàbá?"

"Kò jò."

Mo lè padà. Ọlọ́kadà náà kò tíì lọ jìnnà, mo ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ojú ń tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá padà báyìí, n kò ní kúrò nídìí òfì mọ́ láéláé, bí kò ṣe pẹ̀lú ẹrù lórí.

Mo ní, "Ẹ ṣé tí ẹ kò purọ́ fún mi. Ìyá wa lè ní kí ẹ má gbé mi. Kò lè ní kí omi má gba ìwọ̀ mi."

Mo gòkè lọ sórí àpáta kan tí kò jìnnà sí ọkọ̀ rẹ̀, mo jókòó, mo fi ekòló bọ ẹnu ìwọ̀, mo jù ú. Nọ́ọ̀tì náà bọ́ sómi, pòmù! Mo fà á, mo tún jù ú, pòmù! Ó há mọ́ koríko. Mo tú u. Ó há mọ́ akẹtẹ̀ mi. Mo tú u. Mo ń gbọ́ tí Bàbá ń mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi, bí ẹni tí inú ń run. Oòrùn gòkè. N kò wo ẹ̀yìn.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí," ó ní nígbà tó yá, "o ń sọ òkò lu àwọn ẹja mi lórí. Bí o ṣe ń ṣe yìí, ẹja kan ò ní dé etí ibí mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Màá dúró dè wọ́n, Bàbá."

"Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Mo gbé gàrí wá."

Ó ju àwọ̀n sílẹ̀. "Wá wọ ọkọ̀! Bí ìyá rẹ bá bi mí, màá ní o ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ létí omi, ni mo fi gbé ọ kúrò níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín sí kẹ́ẹ̀gì mi títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. N kò bọ́ wọn. Mo jókòó sí àárín ọkọ̀ pẹ̀lú wọn lábẹ́ apá mi bí adìyẹ tó ń sàba. Ó tu wá jáde. Ilẹ̀ ń kéré sí i lẹ́yìn wa. Omi náà ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn òkè sì dúró sí ibi tí wọ́n wà láìbi mí ní ohunkóhun. Bàbá fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń sọ ìwọ̀ sílẹ̀ láìdún. Ẹja àkọ́kọ́ jẹ ekòló mi lọ, ìkejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìkẹta fa okùn, mo gbọ́ ọ dé èjìká mi, mo sì kígbe. Èmi! Ohùn mi lọ sórí omi, ó bá òkè, ó padà wá. Ẹ̀pìà ni. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ó ń tàn, ó ń ta pàtìpàtì nínú ọkọ̀.

"Èló lo máa tà á?" Bàbá bi mí, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kò sí lọ́jà," mo ní.

Fóònù mi dún nínú ọ̀rá gàrí. Ìyá wa ni. Mo wò ó títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, mo sì gbé e.

"Níbo lo wà?"

"Mo wà lórí omi, Ìyá wa."

"Bàbá yẹn gbé ẹ?"

"Mo jókòó tì í títí ó fi gbé mi."

Ó mí sínú fóònù. "Ẹni tó ni òwú wà níbí. Ó ti dé láti àárọ̀. Ó ń bi mí pé níbo lo lọ. Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo mọ ohun tó ń retí. Ó ń retí kí n fún òun ní ẹrù tí òun lè gbé lé mi lórí níwájú àlejò: ó lọ ra ẹja, ó lọ sí Òtu lọ wo ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ ni kò yá. Bàbá ti dá àjẹ̀ dúró, ó ń wò mí.

"Ẹ sọ fún un pé mo lọ ṣeré."

"Pé o lọ kí ni?"

"Mo lọ ṣeré, Ìyá wa. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo ń gbọ́ òfì tó ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ alábàáṣiṣẹ́ mi tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wa pòṣé, pòṣé gígùn. Ṣùgbọ́n kò pa fóònù. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó ní òun lọ ṣeré. Ẹ padà wá ní ọ̀la."

Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun."

"Jẹun," ó ní, ó sì pa á.

Bàbá ṣì ń wò mí. "Ṣé ó ní kí n dá ọ padà ni?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ki àjẹ̀ bọ omi, ó yí orí ọkọ̀ sí ibi tí omi ti jìn jù.